Ìwọ Lo Ní Kí Bàbá Rẹ Dúró Sílé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o ń jẹun lásìkò, pé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú tí o bá ti dúró pẹ́ kò wú mọ́. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà sọ pé nínú lẹ́tà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àlàáfíà ni àwa náà wà kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí náà àlàáfíà ni àwa náà wà. Bàbá rẹ wà ní ilé ìwòsàn láti àná. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí débi pé bí mo bá kọ ìlà mẹ́ta, mo ní láti gbé orí lé ògiri fúngbà díẹ̀ kí n tó kọ ẹ̀kẹrin. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ni mo ń kọ ọ́ sí, má bínú sí i.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Mo fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá gba ìdí bẹ̀rẹ̀, wàá rò pé orí mi ti dàrú.

Nínú ìwé tí o kọ gbẹ̀yìn kí wọ́n tó dí ojú ọ̀nà, o ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìlera, o ní wàá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ, wàá sì fi tuntun ránṣẹ́ sí wa. A dúró títí. Nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ kò lọ mọ́, obìnrin kan ni ó máa ń gbé e, tí á ní a kò lè rí ọ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo bi í pé kí ló ṣe ọ́, kò sọ. Mo bi í pé ta ni òun gan-an tó wà nídìí fóònù ọmọ mi, kò sọ ìyẹn náà. Ó ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀nà ti wà ní dídí ni àwọn ọkùnrin méjì kan gun alùpùpù wọ àdúgbò, wọ́n lẹ pósítà ńlá kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ ló kà á sí wa létí, ó ní àrùn ti dé, ó ní nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni kí a pè, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà náà tóbi, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo dà á kọ sí ẹ̀yìn ọwọ́, mo lọ sílé, mo pè é.

Ìwọ lo gbé e.

Ọmọ mi, mo kọ́kọ́ sunkún ná. Mo wá sáré pe bàbá rẹ, mo ní ọmọ yìí ti fi nọ́ńbà tuntun náà ránṣẹ́ o, ara ògiri ló fi rán an, kí ó má baà sọ nù sọ́nà bí ìwé ṣe máa ń sọ nù, kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò má sì lè sọ pé òun kò mọ ibi tí a ti lè rí i. Mo rò ó pé ọpọlọ tí o ní pọ̀ púpọ̀. Ìjọba ni o ní kí ó bá ọ fi nọ́ńbà jíṣẹ́ fún ìyá rẹ.

O dúpẹ́ pé a pè yín, o ní ìlera wa ló jẹ yín lógún. Mo ní òótọ́ ni, bí o ṣe rí láti kékeré nìyẹn. O ní kí a dúró sílé. O ní kí a máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wa, kí a fi àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sáàárín ara wa, kí a má kóra jọ. O wá ní bí a bá ń wúkọ́, kí a tẹ oókan, bí ara wa bá ń gbóná, kí a tẹ eéjì, bí ó bá ń ṣòro fún wa láti mí, kí a tẹ ẹẹ́ta, bí a bá sì fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tẹ ẹẹ́rin. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé “ẹ” lo fi bá mi sọ̀rọ̀ láti òkè délẹ̀, mo sì sọ fún bàbá rẹ pé ìlú ńlá kò tíì bà ọ́ jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí díẹ̀, pé o kò béèrè wa. Mo ní bóyá ọ̀gá rẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Nígbà tí mo tẹ oókan, torí pé mo ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, o ní kí n dúró, ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù fún mi. Mo dúró. Ẹni náà mọ̀ ọ́n tẹ̀, àmọ́ orin kan ṣoṣo ló mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ o, ọ̀sán o, ìrọ̀lẹ́ o, ìgbàkigbà tí mo bá pè, ìwọ náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó mi láyà sókè. Mo ní irú iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé fún ọmọ yìí tí wọn kò fún un láyè kí ó jókòó jẹun. Mo máa ń sọ fún ọ pé lọ jẹun ná, mo máa dúró, ìwọ náà á sì ní kí n dúró, báyìí la ó ṣe máa dúró de ara wa.

Mo fẹ́ sọ ti bàbá rẹ. O mọ̀ pé kò bá ọ sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì ààbọ̀ tí o ti lọ. O mọ̀ pé ó ti rẹ́ gbogbo pákó ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ kàn fún ọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ti fági wọn, ó ti tò wọ́n jọ, kí o tó sọ fún un pé iṣẹ́ aránṣọ kọ́ lo fẹ́ ṣe, pé ìlú ńlá lò ń lọ. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, pé ọ̀rọ̀ rẹ kò ní wọ etí òun mọ́, ìwọ náà gbọ́ ọ. Ohun tí o kò gbọ́ ni pé pákó wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀, kò lò wọ́n, kò tà wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè ọ́, mo jẹ́ kí ohùn rẹ jáde síta láti inú fóònù. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ tòun ti ìfági lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ títí tí o fi parí. Ó wá bi mí pé èwo la ní kí èèyàn tẹ̀ tó bá fẹ́ tún un gbọ́. Mo ní ẹẹ́rin ni. Láti ọjọ́ náà, ó ń tẹ ẹẹ́rin láràárọ̀ kí ó tó mú ayùn, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ tó bá ti gbá èérún pákó tán.

Gbogbo ohun tí o sọ pátá ló ń ṣe. O ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó gé igi kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà géérégé, ó fági rẹ̀, ó fi fáńíìṣì kùn ún, ó ń fi wọn àyè láàárín òun àti ẹni tó bá wá gbéṣẹ́ fún un. Tí a bá ń jẹun, igi yẹn á wà nílẹ̀ láàárín àwo tèmi àti tirẹ̀. Ó wọn ibùsùn wa, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ ní fífẹ̀, ó sì kó aṣọ ìbora rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ó ń sùn láàárín pákó. Ọdún mọ́kànlélógójì ni a ti wà pọ̀, ìjà kò yà wá, ohùn rẹ ló yà wá.

Àwòrán tó wà lára pósítà yẹn náà dá wàhálà sílẹ̀. Nǹkan roboto kan ni, tó ní ìṣó káàkiri ara. Bàbá rẹ wò ó títí, ó ní ẹni tó kan ìṣó wọ̀nyẹn mọ́ bọ́ọ̀lù kò kọ́ṣẹ́ délẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní àrùn náà gan-an ni wọ́n yà, bó ṣe rí nìyẹn. A wá gbá àgbàlá, a gbá ẹ̀yìnkùlé, a yẹ abẹ́ ibùsùn wò, a kò rí ohun tó jọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọkàn wa fi balẹ̀ pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn ará àdúgbò kò gba rédíò gbọ́, mi ò lè bá wọn jà. Lọ́jọ́ kan rédíò ní àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló yẹ kó lo ìbòmú, nígbà tó yá ó ní gbogbo ayé ni kó lò ó, kò sì sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò ní òun kì í fetí sí ẹni tí kò bá mọ ojú òun. Mo wá sọ fún wọn pé ọmọ mi náà sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ rẹ wo. Mo ní àbígbẹ̀yìn mi, èyí tí bíríkìlà fi kẹ̀kẹ́ gbé lọ síbi ìdánwò lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìyẹn ló sọ ọ́, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ, ìyẹn kò lè parọ́ fún àwọn.

Wọ́n wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Inú mi dùn, kí n má purọ́ fún ọ, ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Bàbá rẹ gbé igi rẹ̀ jáde, ó ń fi to àwọn èèyàn, àmọ́ nígbà tó to ẹni kẹfà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti tán, àwọn tó kù wá fún ara wọn mọ́ ojú fèrèsé. Ìwọ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má kóra jọ, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ọmọ yìí ń sọ. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù fẹ́ kí ọ. Fóònù bọ́ sọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó kí ọ. Ó bọ́ sọ́wọ́ ìyá atẹ̀wé tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ó kí ọ, ó ní kí o wá ọkọ. Bíríkìlà ló pẹ́ nídìí rẹ̀ jù, nítorí ìwọ̀nba ọ̀rẹ́ tó kù fún bàbá rẹ láyé nìyẹn, bí ọmọ ló sì ṣe mú ọ. Ó ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ó sì tẹ oókan, torí pé olóòótọ́ èèyàn ni. Ó sọ ọjọ́ tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ fún ọ, ó sọ ibi tó ti ń dùn ún. O ní kí ó dúró. Ó dúró, fóònù wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ́ dùùrù, ó ń wúkọ́. Nígbà tó sú u, ó gbé e fún bàbá rẹ.

Ọmọ mi, bíríkìlà kú ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n wá. Mo ti sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, àmọ́ mo ti wá mọ̀ báyìí pé o kò gbọ́, nítorí náà mo tún ń sọ ọ́.

Bàbá rẹ ló kan pósí rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro fún un, wọ́n ti jọ kọ́ ilé mẹ́tàdínlógún pọ̀, ó mọ gígùn rẹ̀ lórí. Nígbà tó kàn án tán, kò tẹ̀lé wọn lọ síbi ìsìnkú. O ní kí a dúró sílé. Ó ti pósí náà dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí wọ́n wá gbé e gbé e, ó sì dúró sínú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ilẹ̀kùn, títí tí wọ́n fi yà níbi kọ̀rọ̀ òpópónà. Mo ní kí ó jókòó, kò jókòó. Kò sọkún, àmọ́ ó tẹ ẹẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sí i ni ikọ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A kò kà á sí, ọgbọ̀n ọdún ni èérún pákó ti ń mú un wúkọ́. Àmọ́ èyí yàtọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, kò lè fági pákó kan délẹ̀ láìjókòó. Ní ọjọ́ kẹfà, bó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì, á sinmi kí ó tó sọ ẹ̀kẹta. Mo pè ọ́. O ní bí ó bá ń ṣòro láti mí, kí n tẹ ẹẹ́ta. Bọ́tìnì ẹẹ́ta kò sí lára fóònù wa mọ́, ó ti wọnú lọ láti ọdún tó kọjá, ihò rẹ̀ ló kù. Mo sọ fún ọ bẹ́ẹ̀. O ní n kò tẹ nǹkan kan. Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi, ohun tí mo ń sọ fún ọ nìyẹn. O tún ní n kò tẹ nǹkan kan. A wà lẹ́nu rẹ̀ títí, èmi àti ìwọ, kí o tó gé e. Inú bí mi sí ọ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí n sọ, tó bá jẹ́ pé o gbọ́ ọ, dárí jì mí.

Ìgbà náà ni mo lọ pe Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ọmọ ìhín, ọmọbìnrin kékeré kan ni, òun nìkan ló ń tọ́jú ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti jìn sínú nítorí àìsùn. Ó dé, ó gbọ́ àyà bàbá rẹ, ó ní kí a máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ òun tó lè fún un ní afẹ́fẹ́. Bàbá rẹ kọ̀. Ó ní ọmọ òun ní kí òun dúró sílé. Nọ́ọ̀sì ní àwọn tí ara wọn le ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún, pé ẹni tí kò lè mí gbọ́dọ̀ jáde wá. Ó bi Nọ́ọ̀sì pé ṣé ọmọ òun sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ó sọ pé kí àwọn tí ara wọn le dúró sílé? Nọ́ọ̀sì ní rárá, pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà kúrú ni, kí ó má baà gùn jù. Bàbá rẹ ní ọmọ òun kì í jẹ ọ̀rọ̀ mọ́nu, tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, á ti sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Nọ́ọ̀sì fi wá, ọjọ́ mẹ́ta ló fi fàáké kọ́rí. Mo bínú, mo bẹ̀ ẹ́, mo jókòó sí òdìkejì igi rẹ̀, mo ní ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni. Ohun tó sọ fún mi nìyí:

“Mo ti di etí mi sí ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan rí. Mi ò ní tún un ṣe.”

Mo jáde síta.

Ibi ẹ̀rọ omi ni Nọ́ọ̀sì ti bá mi, ó ń fọ ọwọ́. Ó ní Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe ọmọ yín ló ń dá yín lóhùn. Ó ní ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mú ọ wọ yàrá kékeré kan, o ka ọ̀rọ̀ náà láti inú ìwé, wọ́n gba ohùn rẹ sílẹ̀ bí ẹni ya fọ́tò, o sì lọ sílé rẹ. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní o máa ń dá mi lóhùn. Kò bá mi jà, ó kàn ní kí n pè, òun náà sì pè lórí fóònù tirẹ̀. Ìwọ méjì lo gbé e. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, èkejì ń sọ ọ́ tẹ̀lé e lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ohùn kan náà, ìmí kan náà láàárín gbólóhùn.

Mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, háà, ọmọ mi ti ń sùn, ó ti ń jẹun, mo dúpẹ́. Ohun kejì ni pé ta wá ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí. Mo sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti bàbá rẹ ní ọdún tó ṣáájú èyí tí a bí ọ, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lè gba ohùn tìrẹ pa mọ́, a jẹ́ pé tèmi náà wà lọ́dọ̀ wọn. Jọ̀wọ́, lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, kí wọ́n kó o fún ọ. Ó pọ̀ díẹ̀, mú àpò dání.

Nọ́ọ̀sì tún bi mí pé àwọn wo ló fọwọ́ kan fóònù náà lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí bíríkìlà àti bàbá rẹ, ó dúró, kò kọ ọ́ mọ́, ó kàn ń wo ìwé náà. Kò bá mi wí. Ọmọ mi, èmi ni mo pè wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọmọ mi ni. Ọkàn mi kò tíì sinmi lórí ọ̀rọ̀ yẹn, n kò sì rò pé ó máa sinmi.

Láàárọ̀ àná, ètè bàbá rẹ ti yí àwọ̀ padà. Mo mú fóònù, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti lè máa gbọ́ ohùn mi láti ojú fèrèsé. N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo gbé e sétí, mo sọ̀rọ̀, mo dákẹ́, mo tún sọ̀rọ̀, mo ní mo ti gbọ́, mo máa sọ fún un. Mo wọlé. Mo ní ọmọ rẹ ti dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ti tẹ eléyìí tẹ tọ̀hún. Ó la ojú. Ó ní kí lo sọ. O mọ̀ pé irọ́ kì í yọ̀ lẹ́nu mi, ńṣe ni ahọ́n mi wúwo. Mo ní:

“Ó ní, Bàbá mi, ẹ jáde.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ó pè mí ní Bàbá mi?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé ṣé o sọ ọ́ kí o tó ní kí òun jáde ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní o sọ ọ́ ṣáájú. Àyà rẹ̀ ń dún. Ó wá ní kí n bá òun mú bàtà òun, ti dúdú, kì í ṣe ti iṣẹ́. Onígbàjámọ̀ àti wẹ́dà gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tó fi máa ń kó pákó, wọ́n tì í dé ibí, Nọ́ọ̀sì ń rìn níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Ní gbogbo ọ̀nà, kò wo ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe wà nìyí. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i nímú, ẹ̀rọ náà ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun kò lè ṣèlérí kankan, pé ọjọ́ mẹ́ta sí i ni a ó tó mọ̀. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé, ojú gíláàsì ilẹ̀kùn ni mo ti ń yọjú wò ó. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó béèrè àwọn tí mo ti fara kàn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo kọ bàbá rẹ sí i, mo sì ṣàlàyé níwájú rẹ̀ pé ọdún mọ́kànlélógójì ni, ọjọ́ mẹ́rìnlá kéré, pé láti ìgbà tó ti gé igi yẹn, n kò fara kàn án mọ́. Nọ́ọ̀sì ní àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gba gbogbo ìyẹn, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn, mo sì ń fi ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ.

Awakọ̀ tó kó oògùn wá ń padà lọ nírọ̀lẹ́ yìí, ó ní ọ́fíìsì yín gan-an ni òun ti ń gbà á, òun á fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Bá mi fún un ní omi tútù. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, bí ó ti wù kó kéré tó, fi rán an padà sí mi, torí àwọn tí èèyàn wọn wà níbí ló ń ra epo tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń mu, n kò sì fẹ́ kí ó dákẹ́ nígbà tó bá kan tiwa. Bá àwọn ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un, pé ẹni tí kò bá lè mí kí ó má dúró sílé. Kò gùn jù. Àwọn bàbá mìíràn á wà níbòmíràn tí wọ́n ń gbọ́ràn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ á yọrí, ẹsẹ̀ rẹ kò ní wú, ohùn rẹ kò ní kẹ̀. Bí o ṣe ń rò tiwa, ẹlòmíràn á máa rò tìrẹ. O kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí wàá bá sọ̀rọ̀.

Ó ku ohun kan, òun ni mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Nọ́ńbà Nọ́ọ̀sì wà ní iwájú fọ́ọ̀mù yìí, lókè. Bí o bá ti rí ìwé yìí, pè é, ó ní òun á gbé fóònù náà sí bàbá rẹ létí. Má sọ fún un pé o kò sọ ohun tí mo ní o sọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ síhìn-ín, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ fún ọ ní ọ́fíìsì, kí tèmi àti tìrẹ má baà yàtọ̀: “Bàbá mi, èmi ni. Èmi ni mo ní kí ẹ jáde. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tèmi.” Bàbá mi ni kí o kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà, kí o dákẹ́. Má ní kí ó tẹ nǹkan kan. Ó máa pẹ́ kí ó tó rí èémí kó jọ, àmọ́ má gé e, dúró dè é títí yóò fi dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
ìyá rẹ.